Iṣẹ́ Abẹ Ẹ̀yìn Títẹ̀ Lára Àgbàlagbà: Ohun Tó Ń Sọ Bí Ara Yóò Ṣe Yá Sí

Ẹni ọgbọ̀n ọdún tó kó wọ àdúgbò Festac l'Ékòó lẹ́yìn àjọ̀dún FESTAC 1977 ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí. Irú ọjọ́ orí yìí ni ẹ̀yìn máa ń tẹ̀: oríkèé ti jẹ, eegun ti fúyẹ́. Ti ẹlòmíràn, ikọ́ ife tó wọnú eegun ẹ̀yìn tàbí ìjàm̀bá ọkọ̀ ló fà á. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń fẹ́ abẹ. Èyí tí kò jẹ́ kéèyàn rìn mọ́, tí oògùn àti físíò kò ràn, ni dókítà máa ń ronú abẹ sí.

IBI ÌTỌ́JÚ
LUTH, ọsibítù Yunifásítì Èkó, wà ní Ìdí-Àràbà. Ilé Ìwòsàn Eegun ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìgbóbì. Ọdún 1945 ló bẹ̀rẹ̀, fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Títì Badagry tó gba iwájú Festac kọjá ló lọ sí Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé, títí dé Accra, níbi tí ọsibítù FOCOS wà. Dókítà Oheneba Boachie-Adjei dá àjọ FOCOS sílẹ̀ lọ́dún 1998. Ọsibítù ọ̀hún ṣí lọ́dún 2012. Ẹ̀yìn tó tẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wọn.

OHUN TÍ ALÁÌSÀN GBÉ WÁ LÁTI ILÉ
• Okun ara: Ó ju ọjọ́ orí lọ. Ẹni ọdún 75 tó ń gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láìsinmi lè tètè bọ̀ sípò ju ẹni ọdún 60 tó ń rù, tí kò lè dìde lórí àga láìdi nǹkan mú.
• Tábà: Sìgá àti áásáà kì í jẹ́ kí eegun so pọ̀ dáadáa.
• Líle eegun: Bí eegun bá ti fúyẹ́, irin tí wọ́n dè mọ́ ọn lè tú.
• Àtọ̀gbẹ: Bí ṣúgà bá ga, egbò lè kẹ̀.
• Ẹ̀jẹ̀: Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré yóò nílò ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn púpọ̀ sí i.
• Ọkàn: Ìrẹ̀wẹ̀sì tí a kò tọ́jú máa ń mú kí ìrora pẹ́ lára.

OHUN TÓ WÀ LỌ́WỌ́ DÓKÍTÀ
Bí eegun tí wọ́n fẹ́ tò bá ṣe pọ̀ tó, tí iṣẹ́ ṣe pẹ́ tó, tí ẹ̀jẹ̀ sì ṣe dà tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu ṣe ń pọ̀. Abẹ àtúnṣe tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú ìwádìí Scoli-RISK-1, tí ọsibítù 15 ṣe lórí iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn tó le gan-an, nǹkan bí 22 nínú 100 aláìsàn ni okun ẹsẹ̀ wọn dín kù nígbà tí wọ́n ń kúrò ní ọsibítù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 11. Nítorí náà ló ṣe dára kí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iṣan wà nínú yàrá abẹ.

KÍ ỌJỌ́ TÓ PÉ
Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jáwọ́ nínú tábà, ẹ yẹ ṣúgà, PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) àti líle eegun wò, ẹ jẹun dáadáa, ẹ máa rìn. Kí ẹbí wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì wá yàrá ìsàlẹ̀ fún ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ bi dókítà léèrè iye irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ tó ti ṣe. Ẹ̀tọ́ yín ni.