Ginger Baker: Onílù Lewisham Tó La Aṣálẹ̀ Kọjá Dé Ìkẹjà

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín kì í jẹ́ kí tábìlì sinmi, tó ń fi ṣíbí lu abọ́ kí oúnjẹ tó dé, tó sì máa ń sáré lọ jókòó sídìí dúrọ́ọ̀mù ní kété tí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ pe ọmọ náà wá kí òun náà gbọ́. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe ẹni tí ẹ máa fi ṣe àwòkọ́ṣe nínú ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlù lílù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ò lè fò ó, Ìkẹjà sì wà nínú ìtàn rẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe mọ̀ lọ.

Peter Edward Baker ni wọ́n sọ ọ́. Irun orí rẹ̀ tó pupa ló sọ ọ́ di Ginger. Lewisham, ní gúúsù London, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbé lónìí, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 1939. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ogun fi bẹ́. Nílé wa, ìdílé Àyàn ni wọ́n ń bí onílù sí. Bíríkìlà ni bàbá Baker ní tirẹ̀, ogun sì pa á ní 1943, nígbà tí ọmọ jẹ́ ọdún 4. Ó fi lẹ́tà kan sílẹ̀ pé kí wọ́n fún ọmọ náà kà bó bá pé ọdún 14. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kó jẹ́ ọkùnrin nígbà gbogbo, kó sì mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dára jù. Ọmọ gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Baker fi bá gbogbo ayé jà títí ó fi darúgbó, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà yẹn.

Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ gba ọkàn rẹ̀, eré ìje kẹ̀kẹ́ ló sì fẹ́ fi ṣe iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ náà bà jẹ́ nínú ìjàǹbá ojú títì. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 15, níbi àríyá kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ pé ó máa ń lu tábìlì ilé ìwé tì í síwájú pé kó lọ jókòó sídìí ìlù. Ó jókòó, ó lù ú, ó bọ́ sí i. Kò pẹ́ tó fi ń bá ẹgbẹ́ Acker Bilk àti ti Terry Lightfoot lu orin jazz, ó sì kọ́ bí a ṣe ń ka orin lórí ìwé.

Phil Seamen, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá onílù jazz ní London nígbà náà, gbọ́ ọ, ó sì fà á mọ́ra. Ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn onílù Áfíríkà sí i kó gbọ́. Láti ọjọ́ náà, etí Baker ò kúrò lọ́dọ̀ọ́ wa mọ́. Ó ṣeni láàánú pé Seamen fúnra rẹ̀ wà nínú ìdè oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní heroin, Baker náà sì kó sí i ní àyíká 1960. Ó lé ní ogún ọdún kó tó bọ́ níbẹ̀. Àìmọye ìgbà ló ní òun ti jáwọ́, tó tún padà sí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló ń fún olórin lẹ́bùn. Ẹ bá mi ka ọdún rẹ̀. Onílù tí wọ́n ń san owó fún ni Baker kí heroin tó kàn án lára. Ohun tó rí gbà níbẹ̀ ni ọdún tó ṣòfò àti owó tó run.

Kí ló wá mú kí ìlù rẹ̀ yàtọ̀? Ẹ rántí ẹgbẹ́ dùndún: ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú ń ṣe tirẹ̀, àwọn yòókù ń gbè é, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Baker pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ara rẹ̀. Ìlù ńlá méjì ló tò síwájú, ẹsẹ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá rí ibi tí ẹsẹ̀ ọlọ́kẹ̀kẹ́ ti wúlò. Orin rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ “Toad”, ìlù nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Nínú àwo Wheels of Fire, ó gùn tó ìṣẹ́jú 16.

Ẹgbẹ́ Cream ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Òun, Eric Clapton onígìtá àti Jack Bruce tó ń ta báàsì tó sì ń kọrin ló dá a sílẹ̀ ní 1966. Ọdún méjì péré ló fi wà. Wọ́n ṣe eré ìdágbére ní Royal Albert Hall ní oṣù kọkànlá 1968. Ìjà Baker àti Bruce wà lára ohun tó tú u ká. Kí Cream tó wà rárá, nígbà tí àwọn méjèèjì wà lọ́dọ̀ Graham Bond, Baker ti fa ọ̀bẹ yọ sí Bruce rí.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ìlù jẹun gbọ́ dáadáa. Bí wọ́n bá gbé orin kan sí afẹ́fẹ́, orúkọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin náà ni owó òǹkọ̀wé ń bá lọ. Onílù kò sí níbẹ̀, àyàfi bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Bruce àti akéwì Pete Brown ló kọ púpọ̀ nínú orin Cream. Baker sọ títí ó fi kú pé òun lòun ronú ìlù alálù-márùn-ún tó ṣí orin “White Room”, ṣùgbọ́n orúkọ òun kò sí lórí orin náà. Ẹjọ́ ta ló jàre? Èmi ò lè dá a. Ohun tó dájú ni pé kí ẹgbẹ́ tó wọ sítúdíò ló yẹ kí wọ́n ti jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ yín.

Lẹ́yìn Cream, ó wà nínú Blind Faith ní 1969, ó sì dá Air Force sílẹ̀, ẹgbẹ́ ńlá tí Remi Kabaka ti lu ìlù pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1971 ó kó sínú Range Rover, ó la aṣálẹ̀ Sahara kọjá, ó di Èkó. Tony Palmer tó ń ya fíìmù bá a lọ. Ọ̀dọ̀ Fela ló ń lọ. London ni wọ́n ti mọra, nígbà tí Fela ń kọ́ orin ní Trinity College. (Àwọn àgbà ìjọ mọ bàbá bàbá Fela, Canon J. J. Ransome-Kuti, tó kọ orin ẹ̀mí tó sì wá gbà á sílẹ̀ ní London yìí ní 1922. Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe ń pàdé.) Ọdún 1971 yẹn kan náà ni Fela àti Africa ’70 gbé àwo Live! jáde, orúkọ Baker sì wà lára rẹ̀.

Baker kọ́ sítúdíò sí Ìkẹjà, ó ṣí i ní 1973. Lọ́dún yẹn ni Paul McCartney wá ṣe àwo Band on the Run ní Èkó. Sítúdíò EMI ní Àpápá ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ ó gba orin kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Baker, “Picasso’s Last Words”. Baker, tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá onílù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé agolo tí wọ́n rọ òkúta wẹ́wẹ́ sí, ó ń mì ín. Ìyá Alákàrà tó bá kọjá níbẹ̀ á ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni.

Níbẹ̀ ló ti kọ́ eré pólò, ẹṣin sì jẹ lára owó rẹ̀ títí ayé. Sítúdíò náà kò dúró. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1970, ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ó gbin ólífì ní Ítálì, níbi tó ti bọ́ lọ́wọ́ heroin, ó gbé Amẹ́ríkà, ó gbé South Africa. Cream tún pàdé ní 2005, ní Royal Albert Hall àti ní New York. Nínú fíìmù tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní 2012, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ gbá olùdarí fíìmù náà nímú. Ó ti lé ní ẹni 70 ọdún nígbà náà!

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, ẹ wá Going Back Home ti 1994, níbi tó ti bá Bill Frisell àti Charlie Haden lu jazz jẹ́jẹ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìlù tí òun àti Tony Allen jọ lù ní Berlin ní 1978, tí wọ́n fi kún àwo Live! lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ fetí sí i: ẹnì kan nínú wọn kò pariwo bo èkejì, ọ̀kan ń bi, ọ̀kan ń dáhùn. Baker tí kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ó gbà á lẹ́nu Allen.

Ó kú ní Canterbury ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 2019, ẹni ọdún 80. Onílù ni ọmọ rẹ̀, Kofi. Kí bàbá rẹ̀ tó kú ló ti ń bá Malcolm, ọmọ Jack Bruce, rin ìrìn àjò kiri, tí wọ́n jọ ń ṣe àwọn orin Cream lórí ìtàgé kan náà.