Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ ilé ìtajà fún àkítẹ́ẹ̀tì

Ẹ ti ra ilẹ̀ sí Èkó, ẹ fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sísàlẹ̀, ọ́fíìsì sókè. Ẹ má tíì pe bíríkìlà o. Àkítẹ́ẹ̀tì ló kàn.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà ARCON rẹ̀. Àjọ yìí, tí òfin ọdún 1969 gbé kalẹ̀, ló ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà. LASPPPA ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìkọ́lé ní Èkó, èdìdì ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n sì ń wò lára pláànù. Ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà lò lè ya àwòrán tó dùn ún wò. Ẹwà kọ́ là ń wí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó mú yín lọ síbi ilé ìtajà tó ti yà rí, kó jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ tí èrò pọ̀. Ibo ni ọkọ̀ ń dúró sí? Ṣé èéfín jẹnẹrétọ̀ kì í wọ ṣọ́ọ̀bù? Àtẹ̀gùn kejì, tí èèyàn máa gbà sá bí iná bá ṣẹ́ yọ, ṣé ó ṣì ṣí sílẹ̀, àbí páálí ọjà ló kún ibẹ̀?

Ní ti owó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ sì máa san án bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Ibi tí ìjà ti sábà máa ń bẹ́ rèé: ṣé owó náà kan àbẹ̀wò sáìtì, àbí àwòrán nìkan? Owó àyẹ̀wò ilẹ̀ àti ti ẹnjiníà tó máa ṣírò irin àti òpó, lọ́tọ̀ nìyẹn.