Dáṣíbọ́ọ̀dù Píkọ́ọ̀pù 504: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Tún Ṣe Kẹ́ Ẹ Tó Ra Rédíò

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe mọ́tò olówó ńlá tẹ́ ẹ máa ń rí lórí Instagram. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 ni, èyí táwọn bàbá wa ń pè ní Píjò. Títí dòní, ẹ ṣì máa rí i tó ń kó ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ Ìbàdàn láti ọ̀nà Àkànrán, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá àti Mọníyà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọ̀kan. Bàbá Àgbà la máa ń pè wọ́n. Oko wọn wà lẹ́yìn Àkànrán, ní Ọ̀nà-Àrà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n di ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n kọrí sí Ìbàdàn. Wọn ò tíì rin ìdajì ọ̀nà tí èéfín funfun fi bo iwájú ọkọ̀. Omi ti jò tán nínú rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì ti gbóná kọjá ààlà, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Abẹ́rẹ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù tó yẹ kó ti kìlọ̀ fún wọn, ó ti kú láti bí ọdún méjì. Wọn ò tún un ṣe, torí pé ọkọ̀ ṣáà ń rìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀gẹ́ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú kì í dúró deni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ọjọ́ kẹta la tó rí ọkọ̀ tó kó ẹrù yẹn. Owó táwọn tó ń ṣe gàrí san lé e lórí kò tó èyí tí Bàbá Àgbà san fáwọn tó bá wọn hú u.

"Àtíkè lo fẹ́ kùn fún ẹni tó yadi"

Nígbà tí mẹkáníìkì parí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, Bàbá Àgbà ní kí n bá àwọn mójú tó dáṣíbọ́ọ̀dù. Inú mi dùn. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ rà: rédíò tó ní Bluetooth, awọ tuntun tá a máa fi bo ibi tó ti sán, àti iná aláwọ̀ búlúù. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ríwáyà, mo to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, àtíkè lo fẹ́ kùn fún ẹni tó yadi. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ẹnu ọkọ̀ yìí kó lè sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ń jẹ́ ẹnu ọkọ̀?"

Wọ́n na ọwọ́ sí àwọn abẹ́rẹ́ àti iná kéékèèké tó wà níwájú awakọ̀. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Kí ló dé tí 504 fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa?

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó di 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná. Píkọ́ọ̀pù ti 504 jáde ní 1979. Ilẹ̀ Faransé ṣíwọ́ ṣíṣe sàlúùnù 504 ní 1983, àmọ́ Kàdúná ò ṣíwọ́, wọ́n ń tò ó lọ títí a fi wọ ọdún 2000. Ìdí nìyẹn táwọn mẹkáníìkì wa fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, tí pààtì rẹ̀ ò sì tíì tán lọ́jà.

Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, kí iná má baà ṣẹ́ mọ́ra jó wáyà yín. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fóònù yín. Ẹ ya fọ́tò wáyà kọ̀ọ̀kan níbi tó wà kẹ́ ẹ tó fà á yọ, kẹ́ ẹ sì lẹ tépù tẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sí mọ́ ọn. Wáyà ọkọ̀ àtijọ́ ti ṣá, pupa àti búráùn ti di ìbejì.

Ẹ má fi agbára fa nǹkan. Oòrùn ọ̀pọ̀ ọdún ti sọ ike inú ọkọ̀ di gbígbẹ, ó sì máa ń dá pàkà, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́ tí òtútù mú un. Ọ̀sán tí ara ike lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló dáa jù. Bí ibì kan bá kọ̀ tí ò jáde, síkúrù kan wà tẹ́ ẹ ò tíì rí. Ohun mìíràn tún ni wáyà kílómítà. Okùn irin ni, inú rọ́bà ló wà, láti ara gíà ló ti ń yí wá sẹ́yìn aago tó ń ka eré. Ẹ gbọ́dọ̀ tú u lẹ́yìn kẹ́ ẹ tó fa aago síwájú. Èmi ò tú u. Mo fà á, ó já, mo sì fowó ara mi ra òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹnu ọkọ̀

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á fi wọlé, àmọ́ ẹ má tíì sítáàtì. Iná bátìrì àti iná ọ́ìlì gbọ́dọ̀ tàn. Bẹ́ ẹ bá sítáàtì, kí méjèèjì kú. Bí iná ọ́ìlì bá tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rọra dé ilé.

Ti bátìrì yìí ló yà mí lẹ́nu jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, iná díẹ̀ tó gba inú gílóòbù kékeré yẹn kọjá ló ń jí alternator. Bí gílóòbù bá ti jó, alternator lè máa sùn lọ, bátìrì á kú, ẹ̀yin á sì lọ ra bátìrì tuntun tí kò ní pẹ́ kú bákan náà. Gílóòbù tí kò tó ọmọ ìka ló fa gbogbo rẹ̀.

Ó wá kan abẹ́rẹ́ ooru. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì, níbi tómi ń gbà kọjá, tí wáyà kan ti ara rẹ̀ lọ sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bàbá ríwáyà dá orí bátìrì padà, wọ́n ní kí n yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n yọ wáyà yẹn, wọ́n sì fi orí rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì fẹ́ẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ gbéra, ó lọ síbi pupa. Ó túmọ̀ sí pé abẹ́rẹ́ ò kú rárá! Sẹ́ńsọ̀ ló kú. Ẹ rí i, ká ní mo lọ ra odindi dáṣíbọ́ọ̀dù ni, abẹ́rẹ́ tuntun náà ò bá yadi bíi ti àtijọ́.

Ẹ rántí pé inú omi ni sẹ́ńsọ̀ ti ń ka ooru. Bí omi bá jò tán, abẹ́rẹ́ lè já wálẹ̀ bí ẹni pé ara ẹ́ńjìnnì ti tutù. Bí abẹ́rẹ́ bá lọ sókè tó sì já wálẹ̀ lójijì, ẹ má dúpẹ́. Ẹ dúró. Ẹ má sì ṣí rédíétọ̀ títí yóò fi tutù.

Bí abẹ́rẹ́ epo àti ti ooru bá jọ ń ṣe wèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣòro kí méjèèjì bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ́kọ́ wo fíúsì, kẹ́ ẹ wo wáyà ẹ́ẹ̀tì tó so mọ́ ara irin ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò.

Bẹ́ ẹ bá dé ọjà

Aráròmí, ní Agodi Gate, la ti ra tiwa. Ẹ gbé pààtì àtijọ́ dání, ẹ má fẹnu júwe rẹ̀. Bó bá jẹ́ aago Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn àlòkù òkè òkun, ẹ ní kí wọ́n fi bátìrì dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ bá yín fi odindi dáṣíbọ́ọ̀dù ránṣẹ́ láti London, ẹ bi í pé apá wo ni ìdarí rẹ̀ wà. Apá òsì títì làwa náà ń gbà bíi tàwọn Gẹ̀ẹ́sì títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà bọ́ sápá ọ̀tún. Dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tí wọ́n ń wà lọ́dọ̀ wọn, òdìkejì tiwa ni, kò ní wọlé.

Rédíò ńkọ́?

A rà á. Owó ṣẹ́ kù, torí pé sẹ́ńsọ̀, gílóòbù méjì àti wáyà kílómítà nìkan la rà. Ríwáyà fún rédíò ní wáyà àti fíúsì tirẹ̀. Wọn ò so ó mọ́ wáyà àwọn abẹ́rẹ́. Àwọn tó ń rán àga mọ́tò bá wa fi awọ dúdú bo ibi tó sán. Iná búlúù ni mi ò rà mọ́.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, Bàbá Àgbà pè mí láti ojú ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ ti ń gòkè, wọ́n sì ti páàkì sábẹ́ igi. Rọ́bà omi kan ló sán. Wọ́n dúró kó tutù, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n bu omi sí i, ẹ̀gẹ́ sì dé ọjà lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa tòkúnbọ̀ nígboro, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àwọn kan máa ń yọ gílóòbù iná ìkìlọ̀ kí wọ́n tó ta ọkọ̀. Lọ́la, kẹ́ ẹ tó sítáàtì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ sì dúró díẹ̀. Ẹ wo iná tó tàn, ẹ sì wo èyí tó yẹ kó tàn tí kò tàn. Ó dìgbà kan ná.