Ìkápá ológbò ẹhànnà ní oko

Ológbò ẹhànnà ni ológbò ilé (Felis catus) tí a bí sí ìgbẹ́, tàbí tí a pa tì, tí kò sì gbà kí ènìyàn fọwọ́ kan òun mọ́. Ní àwọn ìletò àgbẹ̀ bíi ti agbègbè Ìwàrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ológbò wúlò nítorí eku tó ń jẹ àgbàdo inú àká. Nítorí náà, dídín iye wọn kù ló yẹ, kì í ṣe píparun wọn.

Ìbísí

Abo ológbò lè lóyún láti nǹkan bí oṣù 5. Oyún rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 65, ó sì lè bímọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ní erékùṣù Marion ti Gúúsù Áfríkà, ológbò 5 tí wọ́n kó débẹ̀ ní ọdún 1949 ti lé ní 3,000 ní ọdún 1977.

Ọ̀nà ìkápá

Bí a bá lé díẹ̀ lọ tàbí pa wọ́n, tí oúnjẹ ṣì wà, àwọn mìíràn yóò gba ipò wọn. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé kí a fi àgò tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀ mú wọn. Dókítà ẹranko yóò ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí takọtabo wọn bí mọ́, yóò fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn dìgbòlugi, yóò sì gé ṣóńṣó etí kan gẹ́gẹ́ bí àmì. Lẹ́yìn èyí, a ó dá wọn padà sí oko, níbi tí wọn yóò ti máa pa eku lọ. Ọ̀nà yìí kò ní kẹ́sẹ járí àfi bí ó bá kan èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹni tí ológbò bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.