Tíì Láìsí Ṣúgà Lórí Tábìlì Ọba

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin ọmọge tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sí ìyá àgbà létí, ẹ bá wa jókòó ti tábìlì kan lónìí. Kì í ṣe tábìlì ilé yín o, tábìlì ọba ni. Ọba náà ni Jọ́ọ̀jì Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Charlotte ayaba rẹ̀ jókòó tì í, àwọn ọmọ wọn obìnrin sì tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tíì ti wà nínú ife. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí lórí tábìlì náà, ìyẹn ni ṣúgà.

Ọba gbé ife sẹ́nu, ó ń yìn ín pé ó dùn. Ayaba ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ọmọ, ó ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà tọ́ ọ wò. Ó ní kí wọ́n ro iye iṣẹ́ tí yóò fò lórí àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú bí a bá jáwọ́ nínú ṣúgà. Ó wá fi kún un pé, ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n ro owó tí yóò kù sí àpò bàbá wọn. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ àánú ṣe yí padà di ọ̀rọ̀ ahun? Àwọn ọmọ náà fajúro, wọ́n ń wo ife bí ọmọdé tí a bu àgbo ewúro fún.

Inú àwòrán kan ni gbogbo èyí wà. James Gillray ni ó yà á, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 27 oṣù Máàṣì, ọdún 1792. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn baálé àti àwọn ìyáálé gbogbo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi àpẹẹrẹ rere yìí, àpẹẹrẹ ìṣọ́wó-ná, ránṣẹ́ sí. Ẹ̀fẹ̀ ni. Gbogbo ìlú ni ó mọ̀ pé ọwọ́ ọba náà le, Gillray kò sì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fojú kan irú àwòrán wọ̀nyí lónìí, kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ti lè rí wọn. Ilé ìkàwé ńlá kan wà ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Library of Congress. Ní ọdún 1921, ilé ìkàwé yìí ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àti pé ọwọ́ ta ni wọ́n ti rà á? Láti ààfin Windsor ni, ilé ọba gan-an!

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu jù. Àwọn tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń rà á tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ ọba yìí, tí ó padà jẹ Jọ́ọ̀jì Kẹrin, a máa ra àwòrán lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń tà á ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ní 1792 kan náà, Gillray yà á níbi tí ó ti jẹun yó bámúbámú, tí ó wá ń fi fọ́ọ̀kì tayín. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà a máa dùn ún dé egungun. Ní 1820, ọdún tí ó gorí ìtẹ́, wọ́n san £100 fún ayàwòrán mìíràn, George Cruikshank, kí ó lè ṣèlérí pé òun kò ní ya ọba mọ́ níbi tí ó ti ń ṣe ohun ìtìjú. Cruikshank gba owó, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Àwọn ìyá wa tí wọ́n mọ orin òwe í kọ láàárín ọjà mọ̀ pé owó tí a fi ń di ẹnu akọrin kì í tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọba.

Iṣẹ́ àwòrán wọ̀nyí kò rọrùn. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ lẹ́nu iṣẹ́, yóò tètè yé e. Ayàwòrán yóò mú pẹlẹbẹ bàbà tí a ti dán títí tí ó ń kọ mọ̀nà, yóò fi ìda bò ó lójú. Abẹ́rẹ́ ni yóò fi ya àwòrán sára ìda náà, kí bàbà lè hàn síta níbi tí abẹ́rẹ́ bá gbà. Lẹ́yìn náà, yóò da omi kíkan olóró lé e lórí. Omi yìí kò lè jẹ ìda, ṣùgbọ́n yóò jẹ bàbà níbikíbi tí ó bá ti ṣí sílẹ̀, yóò sì gbẹ́ ojú ìlà síbẹ̀. Bí ó bá ti mú ìda kúrò, yóò fi tàdáwà kún ojú ìlà, yóò nu òkè rẹ̀ mọ́ tónítóní, yóò tẹ́ tákàdá tí a ti fi omi rin lé e, yóò wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ gidigidi. Ohun tí ó wà ní apá ọ̀tún lára bàbà, apá òsì ni yóò bọ́ sí lórí tákàdá. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àwòrán, ẹ̀yìn-sẹ́yìn ni ó ní láti kọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ ara yín bẹ́ẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá yóò rọrùn.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kun ọ̀dà sí i, tákàdá kan lẹ́yìn èkejì. Èyí tí kò ní ọ̀dà jẹ́ ṣílè kan, èyí tí ó ní ọ̀dà jẹ́ ṣílè méjì. Owó ńlá ni ìyẹn fún alágbàṣe ìgbà náà. Ẹni tí kò bá lówó, a dúró síta, a máa wò ó láti ojú fèrèsé. Àwòrán kan wà tí Gillray ṣe ní 1808, níbi tí ọkùnrin kan ti yọ̀ ṣubú lórí yìnyín níwájú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń wo fèrèsé kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn! Fún àwọn ìdílé, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Fores ní Piccadilly a máa fi ìdìpọ̀ àwòrán yá wọn fún alẹ́ kan, kí wọ́n lè kó o dé ilé, kí bàbá, ìyá àti àlejò jọ wò ó.

Ṣọ́ọ̀bù tí fèrèsé rẹ̀ wà nínú àwòrán yìnyín yẹn, obìnrin ni ó ni ín. Hannah Humphrey ni orúkọ rẹ̀. Kò lọ́kọ, síbẹ̀ Mrs. Humphrey ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ọlá tí ń bẹ lára ọlọ́jà tí ó mọ òwò rẹ̀. Òun ni ó ń tẹ iṣẹ́ Gillray jáde tí ó sì ń tà á. Gillray fúnra rẹ̀ ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ mọ̀ pé irú èyí kò lè ṣàìmú ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu aládùúgbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú Gillray bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí orí rẹ̀ sì dàrú pátápátá, obìnrin yìí kò lé e síta. Ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú ní 1815. Àwa gbà pé ìwà yìí tó ẹ̀rí fún un.

Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí tábìlì ọba. Kí ni ṣúgà ṣe?

Ní àwọn erékùṣù bí Jamaica àti Barbados, ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa ni wọ́n ń fi gbin ìrèké, òun ni wọ́n sì ń fi gé e, tí wọ́n sì ń fi sè é di ṣúgà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1791, William Wilberforce gbé àbá wá sí Ilé Aṣòfin pé kí òwò ẹrú dópin. Ìbò 163 kọ̀ ọ́, 88 ni ó fara mọ́ ọn. Nígbà náà ni ọkùnrin kan, William Fox, tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde. Ó ní ẹni tí ń ra ṣúgà pín nínú ẹ̀bi ẹni tí ń ra ẹrú. Ó sì fi ìṣirò gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀: ilé tí ń lo ṣúgà tí ó wọn pọ́n-ùn 5 lórí òṣùwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ kan, bí ó bá fi ṣúgà náà àti ọtí tí wọ́n fi ìrèké pọn sílẹ̀ fún oṣù 21, yóò gba ènìyàn kan lọ́wọ́ ìdè tàbí ikú.

Irú ìṣirò yìí yé obìnrin kíákíá, nítorí òun ni ó mọ iye ìwọ̀n tí ń wọlé àti ọjọ́ tí ó ń tán. Kò sí obìnrin tí ó ní ìbò ní Ilé Aṣòfin nígbà náà. Àmọ́ àwọn ni wọ́n di kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ mú, àwọn ni wọ́n sì ń pinnu ohun tí ìdílé yóò mu. Ilé dé ilé ni wọ́n ti gbé àwo ṣúgà kúrò lórí tábìlì. Thomas Clarkson, tí ó rin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì káàkiri nítorí ọ̀ràn ẹrú, fojú díwọ̀n àwọn tí wọ́n fi ṣúgà sílẹ̀ sí 300,000 ènìyàn.

Ohun tí Gillray fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé ó ń káàánú ẹrú. Bí ẹ bá wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ óò rí i pé ó ń fi àwọn aláàánú náà ṣẹ̀sín pẹ̀lú ọba. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́fẹ̀ kì í fi ohun tí ará ọjà kò mọ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣúgà kò bá ti dé ilé gbogbo, ta ni ìbá rẹ́rìn-ín? Nítorí náà ni àwòrán ẹlẹ́yà yìí fi jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó dára ju ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń yin ara wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà tún padà dé Ilé Aṣòfin ní oṣù Épírì 1792, lẹ́yìn tí ìwé ẹ̀bẹ̀ 519 ti wọlé láti ìlú dé ìlú. Wọ́n gbà pé kí òwò ẹrú dópin, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ náà sì gùn! Ọdún 1807 ni òfin tó jáde, àwọn ẹrú tí wọ́n wà lóko ìrèké kò sì bọ́ pátápátá títí di 1838. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń fà á, wọ́n ń kó àwọn ènìyàn tiwa náà gba Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Èkó lọ sókè òkun.

Àwòrán kan kù tí a fẹ́ sọ fún yín. Òun náà wà ní Washington, àwa kì bá sì tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé tí ọmọ wẹ́wẹ́ ń wò. Ní ọjọ́ kejì oṣù Épírì náà, Wilberforce sọ ní Ilé Aṣòfin nípa ọ̀gákọ̀ kan láti Bristol, John Kimber. Wọ́n a máa fi tipátipá mú àwọn ẹrú jó lórí ọkọ̀, kí ara wọn má bàa kú. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n kó láti etíkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí kọ̀, kò jó. Wilberforce ní Kimber lù ú títí ó fi bá a kú. Ọjọ́ mẹ́jọ péré lẹ́yìn náà ni àwòrán ti jáde. Fores ni ó tẹ̀ ẹ́, Isaac Cruikshank, bàbá George tí ó gba £100, ni ó yà á. Wọ́n fi okùn so ọmọ náà ní ọrùn ẹsẹ̀ kan, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, atukọ̀ kan di okùn mú, ọ̀gákọ̀ náà dúró tòun ti pàṣán, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i ni pé ìtìjú wúńdíá rẹ̀ ni ó kó o sínú ìyà náà.

Ní oṣù Júùnù, ilé ẹjọ́ dá Kimber sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà gàdàgbà lórí àwòrán náà títí di òní. Ní ti ọmọbìnrin náà, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ ọdún 15 ni. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí níbẹ̀.