Àìsàn Nígbà Oyún àti Ọmọ Tí Kò Lè Pọkàn Pọ̀: Ṣé Ìyá Ló Jẹ̀bi?

Ǹjẹ́ ẹ mọ ọmọ kan tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́, tó máa ń gbàgbé ohun tí wọ́n bá rán an, tí kì í sì í parí iṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀? Bí irú ìwà bẹ́ẹ̀ bá ti hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12, tó sì ń dí i lọ́wọ́ nílé àti níléèwé, ó lè jẹ́ ìṣòro tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ADHD. Ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń bi ara wọn pé: “Àbí àìsàn tó ṣe mí nígbà tí mo lóyún rẹ̀ ló fà á?”

Ìbéèrè náà kì í ṣe asán. Ní ọdún 2019, àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n bí ní orílẹ̀-èdè Sweden láàárín ọdún 1992 sí 2002. Lákọ̀ọ́kọ́, ó jọ pé ìṣòro yìí fi ju ìlọ́po méjì lọ wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí àkóràn gbé ìyá wọn dé ilé ìwòsàn nígbà oyún.

Àmọ́ àwọn olùṣèwádìí kò dúró síbẹ̀. Wọ́n fi àwọn ọmọ ìyá kan náà wéra: àkóràn ṣe ìyá nígbà tó lóyún ọ̀kan, kò ṣe é nígbà tó lóyún èkejì. Kí ni wọ́n rí? Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kó jẹ́ ohun tí àwọn ọmọ ìyá jọ ní, bí àjogúnbá àti ipò ìdílé, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì pẹ̀lú ti fi hàn tipẹ́ pé àjogúnbá ń kó ipa ńlá.

Ṣé kí aboyún wá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú àkóràn ni? Rárá o! Ibà lè mú kí a bí ọmọ láìpé oṣù, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì wà lára àwọn tí ADHD sábà máa ń ṣe. Nítorí náà, ẹ máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ máa lọ fún àyẹ̀wò oyún déédéé. Bí ara bá gbóná tàbí tí ìtọ̀ bá ń ta yín, ẹ tètè lọ rí oníṣègùn.

Ní ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ní ìṣòro yìí, kí ó má ṣe dá ara rẹ̀ lẹ́bi mọ́, kí àwa náà má sì ṣe dá a lẹ́bi. Sùúrù, ìtọ́ni kúkúrú tó ṣe kedere àti ìtọ́jú oníṣègùn ni ọmọ náà nílò.