Lẹ́yìn Ìbúgbàmù Ìkẹjà: Bí Ọgbẹ́ Ọkàn Ṣe Di Ohun Tí Dókítà Ń Wádìí

Ọjọ́ Àìkú ni, 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ọjọ́ ti ń rọ̀. Ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà gbiná, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra. Gíláàsì fèrèsé fọ́ nínú ilé tó jìnnà réré sí bárékè. Ní Ṣógunlé, ní Máfolúkù, ní Òṣòdì, ìyá ń pọn ọmọ, bàbá ń fa ọmọ lọ́wọ́, gbogbo wọn ń sá. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìjọba alágbádá kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó padà dé; àwọn kan rò pé ṣọ́jà tún fẹ́ gbàjọba ni, àwọn mìíràn ní ogun ló dé.

Àwọn tó gba ọ̀nà Ìsọlọ̀ sá dé kánààlì Òkè-Àfà. Ilẹ̀ ti ṣú. Ewéko ti bo ojú omi náà débi pé ẹni tó ń sáré yóò rò pé pápá ni. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà ní òdìkejì, ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sá pamọ́ sí. Àwọn tó ṣáájú já sínú omi. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí wọn, wọ́n ṣáà ń rọ́ bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú ni wọ́n ń fà jáde, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Àwọn tó kú nínú ìjàǹbá náà lápapọ̀ lé ní 1,000, omi ló sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wá sí Ìkẹjà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá bárékè náà, George Emdin, tọrọ àforíjì lórúkọ àwọn ológun. Ó ní ilé ìkó-ohun-ìjà-sí náà ti gbó, àtúnṣe tí àwọn ń gbèrò kò sì tíì bọ́ sí i kí aburú tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ́ ibi ìrántí sí Òkè-Àfà, àwọn mọ̀lẹ́bí sì ń péjọ síbẹ̀ ní àyájọ́ ọjọ́ náà láti gbàdúrà fún àwọn tó lọ.

Àwọn tó kú ni wọ́n ń rántí níbẹ̀. Àwọn tó yè ńkọ́? Ìyá tí ọwọ́ ọmọ já mọ́ lọ́wọ́ láàárín èrò, ọmọdé tó sùn láìmọ ibi tí òbí rẹ̀ wà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wọn fa òkú láti àárọ̀ dalẹ́: kí ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ọkàn wọn? Ó gba àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí ìdáhùn tó nítumọ̀ sí ìbéèrè yìí.

Ojú ogun ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Charles Myers, dókítà tó ń bá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní Faransé, kọ̀wé sínú The Lancet nípa àwọn ọmọ ogun tí ìdúnmọ̀huru àdó olóró ti dà láàmú. Wọn kò ní ọgbẹ́ lára, síbẹ̀ ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n sì ń gbàgbé nǹkan. Àwọn kan ní ìró náà ló mì ọpọlọ wọn. Àwọn mìíràn ní ojo lásán ni wọ́n. Èrò kejì yìí ṣekú pani. Ní ọdún 2006 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dárí ji àwọn ọmọ ogun 306 tí wọ́n ti yìnbọn pa nígbà ogun yẹn lórí ẹ̀sùn bíi ìsánsá àti ojo. Àwọn mọ̀lẹ́bí wọn ti ń ké láti ìgbà pípẹ́ pé àìsàn ló ń ṣe àwọn kan nínú wọn.

Láti ojú ogun, ọ̀rọ̀ náà dé ìgboro. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1942, iná jó ilé fàájì Cocoanut Grove ní Boston, ènìyàn 492 sì kú. Dókítà Erich Lindemann jókòó ti àwọn tó yè àti àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó gbọ́ tẹnu wọn, ó sì gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1944. Bí ìbànújẹ́ ṣe ń hàn nínú ara ló kọ sílẹ̀: mímí tó ń há ni láyà, àárẹ̀, oúnjẹ tí kò lọ lọ́fun, ẹ̀bi tí ẹni tó yè ń dá ara rẹ̀.

Ní ọdún 1980, lẹ́yìn ìjàkadì àwọn tó ti ogun Vietnam dé àti àwọn dókítà tó dúró tì wọ́n, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi àìsàn tí wọ́n ń pè ní PTSD sínú ìwé ìlànà wọn. Ẹni tó bá ní in, ìṣẹ̀lẹ̀ búburú tó rí yóò máa padà wá bá a lójú oorun àti lójú ayé, bí ẹni pé ó tún ń ṣẹlẹ̀. Yóò máa yẹra fún ibi, ìró àti ọ̀rọ̀ tó lè rán an létí. Ara rẹ̀ yóò máa ṣọ́nà bí ọlọ́dẹ tí kò rí ẹni gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: táyà tírélà bẹ́ lójú títì, àyà rẹ̀ ti já, àwọn ọmọdé yin bángà nígbà ọdún, ó ti wọlé sápamọ́. Bí èyí bá kọjá oṣù kan, tí kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tàbí kó bá ará ilé gbé, àìsàn tó ń fẹ́ ìtọ́jú ni.

Nígbà tí Ìkẹjà búgbàmù, ìmọ̀ yìí ti wà nílẹ̀, wọ́n sì ń lò ó lọ́wọ́ níbòmíràn. Oṣù mẹ́rin péré ṣáájú ni wọ́n kọlu New York, ní 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí Sandro Galea àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi tẹlifóònù fọ̀rọ̀ wá àgbàlagbà 1,008 lẹ́nu wò ní Manhattan. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì PTSD. Láàárín àwọn tó ń gbé nítòsí ibi ìkọlù náà, ó tó ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù kẹta ọdún 2002 ni èsì náà jáde, nígbà tí ọ̀fọ̀ Òkè-Àfà ṣì tutù. Ní Èkó nígbà náà, fóònù alágbèéká GSM kò tíì pé ọdún kan tó dé.

Kì í ṣe pé a kò ní onímọ̀ tiwa. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá ti wà láti ọdún 1907. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, ó sì fi àwọn aláìsàn sọ́dọ̀ ará abúlé kí wọ́n lè gba ìtọ́jú láàárín ènìyàn. Ní ọdún 1961, òun àti Alexander Leighton láti yunifásítì Cornell wọ abúlé dé abúlé láti mọ irú àìsàn ọkàn tó wà láàárín Yorùbá.

Ní ọdún 2002 kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gurèjé ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá mìíràn. Ènìyàn 4,984 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ní Yorùbá àti àwọn èdè mìíràn, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2006. Ìdá 12.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní àìsàn ọkàn kan rí. Ní ti PTSD, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí wọ́n bá a lára rẹ̀.

Ẹni tó bá ka èsì yìí lè sọ pé ọkàn wa le, pé àìsàn òyìnbó ni. Àwọn olùwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó jọ pé bí àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ṣe rí àti ọ̀nà tí wọ́n gbà wádìí wà lára ohun tó mú kí iye gbogbo àìsàn náà kéré. Ìwádìí tó tàn ká ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò lè dá àdúgbò kan tí àjálù bá mọ̀ yàtọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ká ní àlejò wọlé, ó ní kí ìyá kan sọ ọjọ́ tó burú jù láyé rẹ̀. Ìyá náà ní òun ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ parí. Bẹ́ẹ̀, bí ìyá náà bá lọ sí ilé ìwòsàn, yóò ní orí ń fọ́ òun, òun kì í rí oorun sùn, àyà òun ń já. Oògùn ìfúnpá ni wọ́n lè fún un lọ sílé.

Ohun tí ìwádìí níbòmíràn ti fi yéni kan Ìsọlọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2000, Chris Brewin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London pa iṣẹ́ ìwádìí 77 pọ̀. Wọ́n rí i pé àìní alátìlẹ́yìn àti wàhálà tó tẹ̀lé ìṣẹ̀lẹ̀ náà wà lára ohun tó ń mú kí ọgbẹ́ ọkàn pẹ́ lára ènìyàn jù lọ. Ilé tó wó tí wọn kò tún kọ́, ìrànwọ́ owó tí a ń retí títí, ọmọ tí owó ilé ìwé rẹ̀ kò sí mọ́: gbogbo rẹ̀ jẹ́ ara àìsàn náà.

Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí dókítà má ṣe máa fún ẹni tí àjálù ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ní oògùn oorun irú Valium nítorí ìpayà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò dára láti fipá mú un rojọ́ gbogbo ohun tó rí. Ààbò, oúnjẹ, ìròyìn òtítọ́ nípa àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ẹni tó máa jókòó tì í ló kọ́kọ́ nílò. Ọ̀pọ̀ ni ara wọn yóò yá pẹ̀lú èyí. Àwọn tí kò bá yá nílò oníṣègùn tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú ènìyàn padà sínú ìtàn náà díẹ̀díẹ̀, títí ìrántí rẹ̀ kò fi ní lè dá a wó mọ́.

Ìtọ́jú irú èyí kò jìnnà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun láti rọ́pò òfin wèrè tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1916. Àwọn ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n sá kọjá Òṣòdì lọ́jọ́ náà ti di òbí báyìí. Nọ́ọ̀sì tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ilé ìlera Ìsọlọ̀ lè bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta sí i: ṣé ẹ ń rí oorun sùn, ṣé ohun kan tó ti kọjá ṣì ń padà wá bá yín, ṣé ibì kan wà tí ẹ kì í lè gbà mọ́ nítorí rẹ̀? Kó mọ ibi tí yóò darí wọn sí bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì san owó ẹ̀kọ́ tí yóò jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.